Báàgì Tí Bàbá Tà ní Owó Pọ́ọ́kú

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Agége kógbá sílé, mo jókòó sílé títí ìjókòó fi sú mi. Ìyá kan nínú ìjọ wa ló wá sọ fún mi pé ọmọbìnrin kan wà ní Ọ̀gbà tó ń rán báàgì aláwọ, ó ń wá ẹni tó mọ ìwé kọ tí yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù, tí kò sì ní tijú láti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ìyá náà ní, "Kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà o, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn máa wo àjà ilé lọ." Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo wọ mọ́tò lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Bí wọ́n bá ti ń yan bísíkíìtì ní òwúrọ̀, òórùn ṣúgà gbígbóná á gba gbogbo àdúgbò, á wá bá òórùn awọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù pàdé, débi pé títí di òní, bí mo bá rí bísíkíìtì, awọ ni imú mi ń gbọ́. Mo ti rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ ni n ó bá níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n tilẹ̀ fi aṣọ bò ó. Tábìlì gígùn méjì ni mo rí, àti àwọn obìnrin tí wọ́n tẹrí ba, tí wọ́n ń fi ọwọ́ rán awọ.

Ọ̀gá kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Àwọn òbí rẹ̀ ti Èkìtì wá, àmọ́ Agége ni wọ́n bí i sí. Ó ti ṣiṣẹ́ ní báńkì rí kó tó fi sílẹ̀. Ó ga, kò sì lọ́rọ̀ lẹ́nu. Tíṣà ló ń pè mí, kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń pè é ní Ọ̀gá, a sì jọ ń fi "ẹ" bá ara wa sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo bèèrè iye tí wọ́n ń ta báàgì kan tó wà lórí pẹpẹ. Ó dárúkọ iye kan. Mo rò pé etí mi ló gbọ́ ọ sódì.

"Ọ̀gá, ṣé ti gbogbo èyí tó wà lórí pẹpẹ yìí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Rárá, Tíṣà. Ti ẹyọ kan ni."

Owó yàrá àti pálọ̀ tí èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé kò tó o lọ́dún. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, wọ́n fi ọbẹ̀ tí wọ́n ń rò sílẹ̀, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé báàgì ọ̀hún máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Awọ ewúrẹ́ la fi ń ṣe é, láti Kánò ni wọ́n ti ń kó o wá. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn òyìnbó ti ṣa èyí tó dára jù lọ sínú ọkọ̀, èyí tó kù ni àwa ń jà lé lórí. Ìgbà kan wà tí owó awọ gun òkè, Ọ̀gá wá ní kí á lọ wo Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, bóyá a lè rí awọ tútù rà níbẹ̀ kí á sì gbé e fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi àti òun la jọ lọ. Àwọn alápatà wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ wa, wọ́n wo ara wọn.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ fẹ́ fi pọ̀nmọ́ rán báàgì?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìkejì ní, "Ìyá oníbáàgì, ẹ wá máa kó o lọ o. Lọ́jọ́ tí báàgì yẹn bá sú yín, ẹ ṣáà sè é."

Àwa náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ní ìlú tí wọ́n ti ń jẹ awọ, ẹni tó fẹ́ fi rán nǹkan gbọ́dọ̀ san ju ẹni tó fẹ́ fi sebẹ̀ lọ. Awọ tí wọ́n wá fi hàn wá pàápàá, ojú ẹgba àti ojú eégbọn ló kún ara rẹ̀. Ọ̀gá fi ìka tọ́ ọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a padà sílé.

Bí awọ Kánò bá dé, Ọ̀gá á tẹ́ ẹ síbi ojú fèrèsé, á máa fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ojú àpá tó bá rí po. Apá tó bá bọ́ sínú ṣọ́ọ̀kì, a kò ní lò ó. Ẹ ó rí awọ tó tẹ́jú rẹgẹdẹ, tí èyí tó wúlò nínú rẹ̀ kò ní í ju ìdajì lọ. Irin olórí ṣóńṣó la fi ń lu ihò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó ti fi ìda oyin ra òwú, abẹ́rẹ́ méjì yóò sì máa ti ọ̀tún àti òsì pàdé nínú ihò kan náà. Etí awọ, a ó kùn ún, a ó fi pépà oníyanrìn ha á, a ó tún un kùn, títí tí ìka kò fi ní mọ ibi tí awọ kan ti pàdé èkejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rán ọwọ́ báàgì kan parí tí inú mi ń dùn, Ọ̀gá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó mú abẹ, ó sì tú gbogbo rẹ̀. Ẹkún gbọ̀n mí, èmi àgbàlagbà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn tó bá ní àbùkù lẹ́yìn tí a ti parí wọn. Sísọ́ọ̀sì ni Ọ̀gá máa ń fi gé wọn sí wẹ́wẹ́. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tà á ní ìdajì owó. Èèyàn kan á rà á, á sì fi ṣe ayọ̀."

Ó ní, "Tíṣà, ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ onítọ̀hún níta, ṣé ó máa mọ̀ pé ìdajì owó ni? Iṣẹ́ wa ló máa rí."

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èmi tí mo fi ìṣirò jẹun fún ọdún púpọ̀, mo ti ro owó awọ, owó òwú, owó iṣẹ́, owó dísẹ́ẹ̀lì àti owó ilé papọ̀ lọ́kàn mi, iye tí a ń pe báàgì ṣì ga jù ú lọ fíìfíì. Mo bi Ọ̀gá léèrè. Kò bínú. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀, èrè díẹ̀ lòun ń fi lé e. Òun wá gbé mélòó kan lọ síbi tí àwọn obìnrin kan ti ń ṣèpàdé ní Ọmọlé, àdúgbò àwọn olówó. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò, ó wù wọ́n, àfi ìgbà tí wọ́n bèèrè iye rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti rán an. Bí òun ṣe ní Ọ̀gbà ni, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni pé ó gbóná. Nígbà tó yá, òun rán àpò aṣọ funfun tí òun ń kó wọn sí, òun fi owó tó ga lé wọn, òun tún padà lọ. Àwọn obìnrin kan náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n rà á, wọ́n tún bèèrè ìgbà tí òmíràn máa dé.

Ó ní, "Ó dùn mí, Tíṣà. Ó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n."

Mo bi í pé, "Kì í wá ṣe ẹ̀tàn nìyẹn?"

Ó fa òwú sínú abẹ́rẹ́, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wá sí àárín wa ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdáhùn.

Ṣúmékà ni bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́ tí wọ́n ti Èkìtì dé ni wọ́n ti ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége. Bàtà tuntun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàtà òkìrìkà gba ìgboro, wọ́n di atúnbàtàṣe. Ìka wọn ti tẹ̀, ó ti gba ìrísí irin iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá sọ fún mi nígbà kan tí a jọ ń fi ìda ra òwú, pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹ̀gbẹ́ wọn lòun máa ń jókòó sí bí òun bá ti ilé-ìwé dé.

Ó ní, "Ẹnu àwọn èèyàn ni mo máa ń wò. Ẹni tó gun mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ wá á ní kí Bàámi dín owó bàtà kan kù. Bàámi á dín in. Á tún ní kí wọ́n bá òun kun ìkejì mọ́ ọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bàámi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kùn ún. Mo máa ń rò ó pé, bí mo bá dàgbà, ẹnikẹ́ni ò ní í ná iṣẹ́ ọwọ́ tèmi láéláé."

Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí Bàbá lè máa jókòó sórí àpótí mọ́, ó mú wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ra àga onítìmùtìmù fún wọn sójú fèrèsé. Ọwọ́ wọn ṣì pé. Ọwọ́ báàgì, tó le jù nínú iṣẹ́ náà, wọ́n ní àwọn ni kí á máa gbé e fún. Wọ́n máa ń rọra kọrin ìsìn bí wọ́n bá ń rán an. Iye tí ọmọ wọn ń pè é nìkan ni wọn kò lè gbà mọ́ra. Bí oníbàárà bá ti wọlé, wọ́n á fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á tiro lọ síta, wọ́n á ní àwọn fẹ́ gba atẹ́gùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀gá lọ sí Ìkẹjà, àwọn yòókù lọ jẹun, èmi wà lẹ́yìn níbi tí mo ti ń sá awọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láró. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó nu ọwọ́ mi, kí n tó wọlé, Bàbá ti ń wé báàgì kan fún un. Màmá kan tó mọ aṣọ wọ̀ ni, ó dúró bí ẹni tó ti jẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rí. Ó ka owó lé Bàbá lọ́wọ́. Mo wo owó náà. Iye tí Bàbá fi ń ṣe bàtà tuntun láyé ọjọ́un, tí wọ́n wá sọ di owó òde òní, lohun tí wọ́n gbà. Kò tó owó awọ àti iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ báwo ni n ó ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu lójú àlejò? Màmá náà dúpẹ́, ó jáde, mọ́tò rẹ̀ lọ.

Bàbá yíjú sí mi, ojú wọn ń tàn. "Tíṣà, mo ti tajà o. Kò tilẹ̀ ná an."

Bí Ọ̀gá ṣe dé ni wọ́n sọ fún un, tayọ̀tayọ̀. Ó bèèrè iye tí wọ́n tà á, wọ́n sọ ọ́. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ lérí.

Bàbá ní, "Kí ló dé? Awọ ni, òwú ni. Mo ti fi èrè lé e."

Ó ní, "Bàámi, ta ló rán ọwọ́ báàgì yẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ ka awọ, ẹ ka òwú. Ẹ kò ka ara yín mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ lẹ ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ máa ń ka ìṣó, ẹ máa ń ka gọ́ọ̀mù, ẹ kì í ka ara yín."

Bàbá kọjú sí fèrèsé. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fèsì.

"Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń retí oúnjẹ kì í ka ara rẹ̀, ọmọ mi. Bí mo bá ka ara mi nígbà náà, àwọn oníbàárà ì bá gbé bàtà wọn lọ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ì bá sun ebi."

Ọ̀gá dìde, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó di orúnkún wọn mú. "Ẹ má bínú, Bàámi." Wọ́n fi ọwọ́ wọn tó tẹ̀ yẹn gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Mo padà sẹ́yìn lọ síbi awọ tí mò ń sá, kì í ṣe pé iṣẹ́ ń dúró dè mí níbẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí màmá náà fi padà wá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé báàgì náà lé orí tábìlì.

Ó ní, "Ẹ ta ayédèrú fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní irú rẹ̀, ibí ló ti rà á. Ó sọ iye tó rà á, mo sọ tèmi, ó bú sẹ́rìn-ín lójú àwọn èèyàn. Ó ní fèékì ni wọ́n fi gbá mi. Ẹ fún mi ní ojúlówó. N ó san owó rẹ̀."

Ọ̀gá gbé báàgì náà, ó yí i wò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó rọrùn jù lọ ni kó gbé òmíràn fún un, kó gba owó rẹ̀, kí gbogbo wa sinmi. Mo jẹ́wọ́ pé ojú mi ti lọ sórí pẹpẹ.

Àmọ́ Ọ̀gá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kò sí ojúlówó mìíràn. Èyí gan-an ni. Bàbá mi ló rán ọwọ́ rẹ̀, àwọn náà ló tà á fún yín. Iye tó tọ́ lójú tiwọn ni wọ́n gbà."

Màmá náà wo Bàbá. Bàbá kò ráyè jáde gba atẹ́gùn lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi tà á fún mi bẹ́ẹ̀?"

Bàbá fi ọwọ́ pa orí wọn. "Ojú ló ń tì mí, Ìyáàfin. Iye tí ọmọ yìí ń pè é, ẹnu mi ò lè gbé e."

Màmá náà wò wọ́n títí, ó wá jókòó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀, kí á tó mọ̀, omi ti wà lójú rẹ̀. Ó ní Abúlé Ẹ̀gbá ni ìyá òun ti ta gààrí títí dọjọ́ alẹ́ wọn. Kò sí ohun tí wọ́n rà fún òun láyé tí ìyá òun kò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó rà á: aṣọ ilé-ìwé, bàtà, ìwé. Nígbà tí òun dé inú ilé ọkọ, òun náà ń bẹ̀bẹ̀ nítorí àwọn ọmọ. Òun ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àlàùsá títí òun fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ òun wá dáwó jọ, wọ́n ní kí òun fi ra ohun tó bá wu òun fún ara òun.

Ó ní, "Mo fẹ́ ra ohun kan ṣoṣo tí n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó dín in kù. N kò fẹ́ ohun olówó pọ́ọ́kú. Mo fẹ́ kó wọ́n. Nígbà tí Bàbá sọ iye tí wọ́n sọ yẹn, mo rò pé Ọlọ́run ló fojúure wò mí, mo gbà á. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wá rẹ́rìn-ín yẹn, ó dà bí ẹni pé kì í ṣe báàgì ló pè ní fèékì. Èmi ni."

Ọ̀gá ní kí màmá náà máa gbé báàgì rẹ̀ lọ, pé ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu Bàbá, kò sì ní í san kọ́bọ̀ lé e. Màmá náà fàáké kọ́rí. Ó ní òun máa san ìyókù. Bàbá sáré dá sí i: "Ẹ má san án o! Ohun tí ẹ san ti tó." Màmá ní kò tó. Bàbá ní ó tó. Màmá ní ó kéré tán kí wọ́n jẹ́ kí òun san ìdajì, Bàbá ní rárá, kí ó fi ra nǹkan fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti délé ayé, n kò rí i rí kí oníbàárà máa fi owó kún owó, kí ọlọ́jà máa bẹ̀ ẹ́ kó dín in kù. Àwọn obìnrin tó wà nídìí tábìlì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Ọ̀gá pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Màmá ló borí nígbẹ̀yìn. Ó san gbogbo rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́ báàgì náà níbi tí Bàbá ti rán an, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà. Ìgbéraga wà nínú owó báàgì olówó gọbọi, n kò ní purọ́. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, kí ẹlẹ́gbẹ́ ẹni má baà fojú tín-ín-rín ẹni. Awọ tó dára wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìka tó ti tẹ̀. Kò yé mi ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ n kì í tún fi àwọn tó ń rà á ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, nítorí n kò mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀bẹ̀ lé lórí kó tó débẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan ò rọrùn. Awọ ti gbówó lórí, dísẹ́ẹ̀lì náà gbówó lórí, àwọn méjì nínú wa ti lọ sí òkè òkun. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn tuntun báyìí bí wọ́n ṣe ń rán ọwọ́ báàgì. Ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́, wọn kò rán nǹkan mọ́, ilé ni wọ́n ń wà ní Agége. Bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi, Ọ̀gá máa ń lọ bá wọn jẹun, nígbà mìíràn ó máa ń mú mi dání. Wọ́n á bi í pé èló ló ń ta báàgì báyìí. Á sọ fún wọn. Bàbá á fi ṣíbí sílẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní kò sí báàgì kankan láyé tó yẹ kó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá á ní ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ títí ọbẹ̀ á fi tutù, tí ọ̀kan nínú wọn kò ní í gbà fún èkejì, tí Ọ̀gá á sì máa já ẹran sí kéékèèké fún wọn nínú àwo wọn.